Wọ́n Tún Ti Fún Mi Ní Kóríyá!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin tí ẹ ń jí lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí ọmọ ṣì ń sùn, tí ẹ sì ń bọ̀ nílé nígbà tí ọmọ ti tún sùn, ẹ̀yin tí ọ̀gá yín ń pè ní "ọmọ ìyá mi" láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù títí di ọjọ́ tí owó oṣù yẹ kó wọlé, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí máa yé. Ilé iṣẹ́ wa ti tún bu ọlá fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kí mi kú oríire o! Ẹni tó bá kí mi kú oríire lóṣù yìí, ọ̀tá mi ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti bu ọlá fún mi ni gbèsè mi ń lé sí i, bí wọ́n bá sì tún bu ọlá fún mi lẹ́ẹ̀kan péré, ìyàwó mi á kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀.

Diabo ni mo wà. Ẹ wá Bouaké láàárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí iṣu àti kajú ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Lábẹ́ Botro ni ìjọba kó wa sí. Ilẹ̀ àwọn Baoulé ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, n kò bá wọn jà. Ilé ìkẹ́rùsí kajú kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Èmi ni mo ń ka àpò wọlé, èmi ni mo ń ka àpò jáde, èmi ni mo ń kọ ọ́ sínú ìwé, bí alábàárù kò bá sì wá, èmi náà ni alábàárù. Àpò kajú kan, 80 kílò! Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń kó kajú jọ tó Côte d'Ivoire láyé, ó ń lé ní mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún, ó sì dá mi lójú pé ìdajì rẹ̀ ti gba orí èmi nìkan kọjá.

Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún lọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ òṣìṣẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é, ọjọ́ ìsinmi. Tiwa kọ́! Àwa gbọ́dọ̀ wá kí wọ́n lè rí wa yìn. Wọ́n ti ra ańkárá ọjọ́ náà, wọ́n ti yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù wa kí a tó mọ àwọ̀ tó ní, wọ́n tò wá sínú oòrùn, àwọn ọ̀gá jókòó sábẹ́ ìbòòji, ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, oòrùn kúrò ní àtàrí wa ó bọ́ sí èjìká, ó ṣì ń sọ̀rọ̀, pé òṣìṣẹ́ ni ọrọ̀ tí ilé iṣẹ́ ní. Bí èmi bá jẹ́ ọrọ̀, kí ló dé tí wọn kò fi mí sí báńkì, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù wà? Ibẹ̀ ni mo wà tí mo ń rò ó tí wọ́n fi pe òṣìṣẹ́ tó peregedé jù lọ. Wọ́n ní, "Monsieur Anago!"

Ànàgó! Orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo àwa Yorùbá nìyẹn níbí, yálà Èjìgbò lo ti wá tàbí Ìnísà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́. N kò bínú sí i ní ọjà. Ṣùgbọ́n lórí ìwé ẹ̀rí? Lórí ìwé tí mo fẹ́ kọ́ sára ògiri kí ọmọ ọmọ mi lè rí i? Wọ́n ní orúkọ mi gùn ju ìlà tí wọ́n fà lọ. Ẹ wá wo ìwé owó oṣù mi o, níbi tí wọ́n ti ń yọ owó: orúkọ mi pé síbẹ̀, ti bàbá mi pé, ọjọ́ ìbí mi pé, àmì ohùn nìkan ni wọn kò fi sí i. Tí wọ́n bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n mọ̀ mí. Tí wọ́n bá fẹ́ fún mi, mo di Ànàgó.

Lẹ́yìn ìwé ẹ̀rí ni àpòòwé. Ẹ̀yin ará, àpòòwé náà nípọn! Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ki pọ́pọ́. Mo wo ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo rí i pé àwọn náà ti fi ojú wọn ọ́n. Mo sáré wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo ké bísímílà, mo ya á. Lẹ́tà! Yéè! Ewé kìíní ní ilé iṣẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ewé kejì to àwọn ìwà tí ilé iṣẹ́ fẹ́ràn lẹ́sẹẹsẹ. Ewé kẹta sì jẹ́ ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, mo gbà pé wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ pọ̀ jù ni. Wọ́n tún fún mi ní T-ṣẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ya èso kajú sí láyà, tí kò kọjá ọrùn mi. Àbígbẹ̀yìn mi ló ń wọ̀ ọ́ lọ sílé ìwé báyìí, òun ni òṣìṣẹ́ tó peregedé jù lọ ní kíláàsì rẹ̀.

Bí mo ṣe ní kí n yọ́ gba ẹ̀yìn lọ ni wọ́n yí mi ká. "Patron, faut arroser!" Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Níbí, ohun rere kì í dé bá èèyàn kó má fi ọtí wẹ̀ ẹ́. Mo ní lẹ́tà ni mo gbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ànàgó yìí mọ owó í tọ́jú. Mo mú lẹ́tà náà jáde, mo fi hàn wọ́n, wọ́n ní níbo ni mo tọ́jú èyí tó kù sí. Báyìí la ṣe dé ilé oúnjẹ ìyá kan ní ẹ̀bá títì, wọ́n béèrè attiéké àti ẹja díndín, wọ́n béèrè kédjénou, ọtí ń tẹ̀ lé ọtí, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wa lọ pe àna rẹ̀ wá, àna rẹ̀ mú awakọ̀ kan dání, awakọ̀ náà kò tilẹ̀ mọ ilé iṣẹ́ wa, ó ń jẹ ẹja mi, ó ń ṣàdúrà fún mi pé wọ́n á tún yàn mí lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní kí Ọlọ́run má gbọ́ o! Gbogbo wọn rò pé mo ń ṣe àwàdà ni. Ìyá náà sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé gbèsè rẹ̀, lórúkọ mi gangan, orúkọ mi kò gùn jù fún un.

Wàhálà kan nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé ibi iṣẹ́ wa ya mí ní fọ́tò níbi tí ọ̀gá àgbà ti ń bọ̀ mí lọ́wọ́, ó gbé e sórí WhatsApp. Kí n tó délé, Èjìgbò ti rí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èjìgbò mọ̀ pé ìdajì ìlú náà wà ní Àbíjàn, ìdajì tó kù ń dúró de ìpè láti Àbíjàn, ẹni tó wà ní Diabo, ará Àbíjàn ni lójú wọn. Àbúrò bàbá mi pè. Ó ní òun ti rí àpòòwé lọ́wọ́ mi. Ó ní páànù ilé ń jò. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè, ó ní wọ́n ti fi mí ṣe alága ọjọ́ níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹnì kan tí n kò rí rí, orúkọ mi ti wà nínú ìwé ìpè. Ẹni tó wá burú jù ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ka ìṣirò ní yunifásítì. Òun ló máa ń mú owó Sẹ́fà, tó máa ń sọ ọ́ di náírà, tó ń pariwo ẹ̀ fún gbogbo ẹbí. Ó ní owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000 náírà láti ọdún 2024, pé níbí 75,000 Sẹ́fà ni láti oṣù kìíní ọdún 2023, pé Sẹ́fà kan sì ju náírà méjì lọ, nítorí náà olówó ni mí. Kò ṣírò ilé o! Kò ṣírò iṣu! Kò ṣírò pé láti ọdún 2013 títí di ìgbà tí wọ́n fi sún un dé 75,000 yẹn, 60,000 ni owó náà dúró sí, iye ohun gbogbo ń gòkè, òun jókòó. Náírà nìkan ló rí. Ẹbí gbà á gbọ́, nítorí pé ó ka ìwé.

Onílé mi náà rí fọ́tò ọ̀hún. Ó wá kí mi kú oríire. Ó jókòó, ó mu omi, ó wo òrùlé, ó ní ilé yìí kò yẹ èèyàn ńlá bíi tèmi mọ́ àfi kí òun tún un ṣe, bí òun bá sì tún un ṣe… Ẹ̀yin náà mọ èyí tó kù.

Mo wá bi ara mi pé bí wọ́n bá fẹ́ fún èèyàn ní kóríyá lóòótọ́, ṣé owó ọkọ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ gbọ́ ohun tí òfin sọ. Owó ọkọ̀ tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún òṣìṣẹ́ lóṣù jẹ́ 30,000 ní Àbíjàn. Ní Bouaké, 24,000. Ní ibi tó kù, 20,000. Ibi tó kù! Ìyẹn èmi! Mo lè rí eruku Bouaké láti ibi tí mo dúró sí, ọkọ̀ tó ń gbé mi, Bouaké ló ti ń bọ̀, epo tó wà nínú rẹ̀, Bouaké ni wọ́n ti rà á, awakọ̀ rẹ̀ ń bú mi ní ìbúni Bouaké, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mẹ́rin Sẹ́fà tó yẹ kó tẹ̀ lé mi délé, ó dúró ní ààlà ìlú, ó ní òun kì í wọ Diabo. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá. Ó ní kí n wo ọ̀nà mìíràn tí ilé iṣẹ́ fi ń mọrírì mi. Mo wò ó. Ìwé ẹ̀rí ni.

Wọ́n tilẹ̀ pe ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá láti Àbíjàn kó wá kọ́ wa pé owó kọ́ ni gbogbo nǹkan. Wọ́n sanwó fún un o! Wọ́n sanwó hótẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e, wọ́n fún un ní omi inú ike, ó dúró síwájú wa, ó ń tan àwòrán sára ògiri, ó ní ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Frederick Herzberg ti fi hàn lọ́dún 1959 pé ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ jára mọ́ṣẹ́ ni kí wọ́n yìn ín, kí iṣẹ́ náà sì nítumọ̀. Gbogbo àwọn ọ̀gá ń mi orí. Mo lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ onílé mi tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì í wò, a sì rí i pé ọkùnrin náà kò fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀: ó ní bí owó oṣù bá burú, bí ibi iṣẹ́ bá burú, bí ọ̀gá bá burú, inú òṣìṣẹ́ á bàjẹ́, ìyìn kò sì lè dí ihò yẹn. Ìdajì yìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n gbàgbé sí hótẹ́ẹ̀lì. Ẹ tún gbọ́ ti pé àwọn tí Herzberg fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, bí igba, ẹnjiníà àti akáùńtáǹtì ni wọ́n, ní agbègbè Pittsburgh. Ta ló gbé àpò 80 kílò nínú wọn? Ta ló jẹ owó attiéké? Kí wọ́n wá bi èmi léèrè o, màá dá wọn lóhùn láì gbowó!

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fara mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ pé bóyá báyìí ni ayé ṣe rí, pé òṣìṣẹ́ kì í gba ju àtẹ́wọ́ lọ. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ pátápátá ni ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Mo wà ní Bouaké lọ́jọ́ kẹta oṣù Kejì, lẹ́yìn ògiri pápá ìṣeré Stade de la Paix, nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì kò sí. Côte d'Ivoire ku èèyàn mẹ́wàá lórí pápá, Mali ti jẹ góòlù kan, àwọn èèyàn ti ń gbé àga wọn lọ sílé, Adingra dá a padà nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ń parí, Diakité sì gbá òmíràn wọlé nígbà tí aago àfikún ti pé tán. Ariwo tó sọ, adìẹ Diabo kò yé ẹyin fún ọ̀sẹ̀ kan! Èmi náà pariwo, mo dì mọ́ ẹni tí n kò mọ̀. Ọlọ́run ti dárí jì mí, nítorí n kò mọ̀ pé Nàìjíríà ni wọ́n máa lọ bá ní àṣekágbá.

Ọjọ́ kọkànlá oṣù náà. Troost-Ekong fi orí kan án, Nàìjíríà ṣíwájú, mo dìde nínú ilé ọtí, èmi nìkan ṣoṣo, mo jó. Kessié dá a padà, mo jókòó. Haller fi ẹsẹ̀ kan án, mo wá ọ̀nà àbájáde. 2-1! Láti ọjọ́ yẹn, "deux-un" ni àwọn alábàárù fi ń kí mi láàárọ̀. Mo fara dà á, bọ́ọ̀lù ni. Ìgbà tí Ààrẹ Ouattara wá fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù 50 Sẹ́fà, tó tún fún un ní ilé tí iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 50, tó fún olùkọ́ wọn Emerse Faé ní mílíọ̀nù 100, ni mo dákẹ́. Mo ní ó dáa, àwọn tó jáwé olúborí nìyẹn, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Ká tó wí ká tó fọ̀, Ààrẹ Tinubu fún àwọn tiwa náà, àwọn tí wọ́n NÀ, ní oyè MON, ilé gbígbé àti ilẹ̀ ní Àbújá! Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹni tó nà gbalé. Ẹni tí wọ́n nà gbalé, ó gba ilẹ̀, ó tún gba oyè. Èmi tí mo kó kajú wọ ọkọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, tí ọmọ Nàìjíríà ń fi mí ṣe ẹ̀sín pé mo ń gbé nílùú ọ̀tá, tí ọmọ Côte d'Ivoire ń fi mí ṣe ẹ̀sín pé wọ́n nà wá, kí ni mo gbà? Wọ́n yọ owó àsìá nínú owó oṣù mi. Àsìá Côte d'Ivoire!

Bàbá mi ti sọ fún mi kó tó kú pé inú ìran wa ni irú kóríyá yìí wà. Òun ń ṣiṣẹ́ nílé ìlàgi kan nígbà tí owó Údójì dé. Àwọn àgbà inú yín á rántí: ìgbà ìjọba Gowon, ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀, owó òṣìṣẹ́ ìjọba fò sókè, èyí tó kéré jù lọ ju ìlọ́po méjì lọ, wọ́n sì san án láti ẹ̀yìn wá títí dé oṣù Kẹrin ọdún 1974, lójú kan náà. Àwọn kan ra alùpùpù. Àwọn kan ra rédíò àti amóhùnmáwòrán níbi tí kò ti sí iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni o! Bàbá mi kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni dáṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri kí àwọn agbanisíṣẹ́ wọn tó fi nǹkan kún tiwọn, nígbà yẹn búrẹ́dì ti gòkè, ẹran ti gòkè, àwọn olówó Údójì ti ná ọjà tán. Ọ̀gá bàbá mi fún un ní agbòòrùn kan. Ó ní kóríyá ni.

Ẹ má sọ pé kí n túbọ̀ ṣiṣẹ́ kára. Ará Rọ́ṣíà kan ṣe é rí, Stakhanov, lóṣù Kẹjọ ọdún 1935: 7 tọ́ọ̀nù èédú ni iye tí ó yẹ kí awakùsà kan wà ní ìgbà iṣẹ́ kan, ó wa 102. Wọ́n yà á ní fọ́tò, wọ́n fún un lóyè. Àwọn méjì tó ń gbé igi òpó fún un kí ihò má wó lù ú, ta ló mọ orúkọ wọn? Nígbà tó yá, wọ́n gbé iye tí gbogbo àwọn tó kù gbọ́dọ̀ wà sókè. Ẹ rò ó wò! Ẹnì kan gba mẹ́dàálì, gbogbo àdúgbò jẹ ìyà rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe fún èmi náà nìyẹn. Nítorí pé mo peregedé, kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí ti di tèmi, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé kí n sì kẹ́yìn lọ. Nítorí pé mo peregedé, àwọn ọmọ tuntun, èmi ni kí n kọ́ wọn. Bí orí bá ń fọ́ mi, wọ́n á ní, "Ìwọ kẹ̀? Àwòkọ́ṣe wa?" Àwòkọ́ṣe kì í ṣàìsàn. Àwòkọ́ṣe kì í béèrè ìsinmi. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń sùn lẹ́yìn àpò láti àárọ̀ dọ́sàn-án, ẹnikẹ́ni kò yọ ọ́ lẹ́nu, owó oṣù kan náà là ń gbà, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè attiéké, ẹbí rẹ̀ kò pè é, onílé rẹ̀ kò wo òrùlé. Ara rẹ̀ yá. Àárọ̀ yìí ló tún kí mi pé "deux-un".

Mo wá ní kí n ṣe é lọ́nà òfin. Mo gbé ìwé àdéhùn ọdún 1977, èyí tí àwọn agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ fọwọ́ sí lórílẹ̀-èdè yìí, mo gbé e lọ bá akáùńtáǹtì wa. Ó wà nínú rẹ̀ pé ẹni tó bá ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n fi ìdá 2 nínú 100 kún owó rẹ̀, kí wọ́n máa fi ìdá kan kún un lọ́dọọdún lẹ́yìn ìyẹn, títí dé ọdún 25. Ó wà nínú rẹ̀ pé owó ìparí ọdún kò gbọ́dọ̀ kéré sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó oṣù tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ipò òṣìṣẹ́. Mo fi ìka sí i, ìlà sí ìlà. Mo ní kó dá ìwé ẹ̀rí padà, kó dá lẹ́tà padà, T-ṣẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn ọmọ ṣùgbọ́n a ó bọ́ ọ, kó kàn fún mi ní ìdá tó wà níbẹ̀ yẹn.

Ó ka ìwé náà délẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ó ní òṣìṣẹ́ tó ń fi àsìkò ara rẹ̀ ka òfin báyìí, irú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ń wá. Ó pe àwọn tó wà ní yàrá kejì, àwọn náà wọlé, wọ́n dúró yí mi ká, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ọwọ́ wọn sinmi, ó fa ìwé kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó ní kí n buwọ́ lù ú nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, láti fi hàn pé mo ti gbà á.